Òòyà Ilẹ̀ Yìnyín

Àpótí onírin ni bàbá mi gbé bọ̀ láti Sìbéríà,
òun pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí nípa omi abẹ́ ilẹ̀,
òun pẹ̀lú kóòtù onírun tí ikán jẹ tán lórí ìṣó
kí n tó mọ̀ pé aṣọ ni.
Nísàlẹ̀ àpótí, òòyà kan.
Òòyà egungun, eyín méje ló kù lẹ́nu rẹ̀,
a fi ìnujú wé e bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Fámúrewá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé sí Ìkọ̀gòsì,
tí kùrukùru bo orí òkè, tí gbogbo wa kó sídìí iná,
á ní, "Èyí lẹ̀ ń pè ní òtútù?"
Ìgbà náà la ó tó gbọ́ nípa Rẹ́nátì, ọmọ Tátárì,
tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan,
tó sọ fún un pé ní odò tiwọn
obìnrin kan máa ń jókòó sórí pákó ìfọṣọ nírọ̀lẹ́,
á máa ya irun tó gùn wọnú omi,
irun náà ò sì lópin, torí odò fúnra rẹ̀ ni.
Á pe orúkọ rẹ bí ìyá rẹ ṣe ń pè é.
Má dá a lóhùn.
Ẹni tó bá dáhùn, yìnyín á lanu fún un,
á sì panu dé bí ẹni tí kò jẹun rí.
Ẹni tó bá wá lọ mú òòyà rẹ̀,
fèrèsé onítọ̀hún ò ní sinmi mọ́:
kó, kó, kó, lóru,
"Fún mi ní nǹkan mi."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o dáhùn?"
Ìyá mi ló bèèrè. Ó ń gún uyán,
ọmọ odó ò dúró.
Bàbá mi fọwọ́ pa irùngbọ̀n.
"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìyá mi ò gba iwin gbọ́.
Ó ní kò sí obìnrin omi kankan níbì kankan,
obìnrin ẹlẹ́ran ara ni, ó lórúkọ,
bóyá ó tilẹ̀ bí ọmọ kan tó jọ mí nímú.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi bá egungun jowú.
Bí òjò bá ń kan páànù lóru,
tí bàbá mi dìde lọ ti fèrèsé,
á kọjú sí ògiri.
"Ọkọ mi ń gbàlejò," ló máa ń wí fún ìrọ̀rí.

Ẹ̀yìn ìkórè kòkó la sin bàbá mi.
Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ìyá mi yọ òòyà nínú ìnujú.
"Ká lọ dá nǹkan onínǹkan padà."
A sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù
ti pàdé bí orogún méjì lẹ́nu ọ̀nà kan,
tí wọ́n ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
tí ọ̀kan ò gba tèkejì.
Ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ èyí tó tutù. Ó dúró pẹ́.
Mo ní, "Màmá, ẹ jù ú sí i. Inú òtútù ló ti wá."
Kò dáhùn.
Ó jókòó sórí òkúta,
ó ṣí gèlè, ó tú irun tó ti funfun bí òwú,
irun tí ẹnikẹ́ni ò yà láti ọjọ́ òkú,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, díẹ̀díẹ̀,
pẹ̀lú eyín méje yẹn.
Ewé kan ṣàn kọjá. Ẹja wẹ́wẹ́ yọjú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sọ̀ bọ̀ lókè,
tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn,
dúró gbagidi, ó la ẹnu sílẹ̀.
"Bá mi bèèrè orúkọ rẹ̀,"
ni ìyá mi wí, láìbojú wẹ̀yìn,
"kí n pè é lẹ́ẹ̀kan."